Ọjọ́ mẹ́rin ní Ìlú Mẹ́síkò pẹ̀lú ìyá ẹlẹ́kọ: ẹ bá mi tò ó

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Ẹ kú ilé o, gbogbo ará. Mo fẹ́ mú ìyá mi lọ sí Ìlú Mẹ́síkò ní oṣù Ẹrẹ́nà. Màmá ń bọ̀ wá kí àbúrò mi ní Houston, èmi náà á ti Lọ́ńdọ̀nù wá bá wọn níbẹ̀, ibẹ̀ la ó sì ti wọ ọkọ̀ òfurufú. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì la ó dé, àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ó padà.

Ìdí tó fi jẹ́ Mẹ́síkò rèé. Ó lé ní ogójì ọdún tí màmá fi ta ẹ̀kọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀kọ yẹn ló rán àwa mẹ́rin níwèé. Lọ́dún tó kọjá mo sọ fún wọn lórí fóònù pé ìhà Mẹ́síkò ni àgbàdo ti ṣẹ̀ wá, pé kò sí àgbàdo nílẹ̀ wa rárá kí àwọn òyìnbó tó rékọjá òkun dé Amẹ́ríkà. Wọn ò gbà. Wọ́n ní, "Àgbàdo tí baba ńlá wa ń gbìn?" Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí padà: "Àbẹ̀kẹ́, àwọn ará ibẹ̀ yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń se tiwọn?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Màmá ti pé ẹni ọdún 71. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni tiwọn, físà Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀. Mo ti kọ ibi mọ́kànlá sílẹ̀: pírámíìdì Teotihuacan, ojú omi Xochimilco, ilé Frida Kahlo obìnrin ayàwòrán, mùsíọ́mù Antropología, gbàgede ńlá Zócalo, àwókù tẹ́ńpìlì Templo Mayor, gbọ̀ngàn iṣẹ́ ọnà Bellas Artes, ilé olódi Chapultepec, àdúgbò Coyoacán, ìjàkadì lucha libre, àti ilé ìjọsìn Basílica ti Guadalupe. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni màmá, èyí tó kẹ́yìn yẹn kò ṣeé yọ. Àbúrò mi ní mo fẹ́ fi ìrìn pa ìyá wa. Ẹ sọ òótọ́ fún mi.

BàbáÌbejì_Houston

O káre, ọmọ rere. Kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ físà. Ẹni tó bá ní físà Amẹ́ríkà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, Mẹ́síkò ò béèrè físà tiwọn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè wo. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún físà Bìrìtìkó, ti Kánádà, ti Japan àti ti àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ní Yúróòpù. Ohun tí wàá yẹ̀ wò dáadáa ni pé físà màmá jẹ́ èyí tí èèyàn lè fi wọlé lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n lè má rí ààyè padà sí Houston, wàhálà gidi nìyẹn.

Tẹ ìwé òtẹ́ẹ̀lì àti tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ sórí bébà. Ní pápákọ̀ òfurufú, òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú lè béèrè wọn, kò sì dáa kí àgbàlagbà máa dúró kí fóònù ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá íntánẹ́ẹ̀tì kiri. Láti Houston síbẹ̀, wákàtí méjì ó lé díẹ̀ ni lófuurufú. Ìrìn yẹn ò le.

Nọ́ọ̀sì_Leeds

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ni gíga ìlú yẹn. Ó tó 2,240 mítà sókè ju ojú òkun lọ. Jos tí a ń pè ní ìlú orí òkè, bíi 1,200 ni. Atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tí èèyàn á fi gun àtẹ̀gùn mẹ́wàá péré tí á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Orí lè fọ́ wọn díẹ̀ ní alẹ́ àkọ́kọ́, oorun sì lè má dùn.

Kí màmá rí dókítà wọn kí wọ́n tó kúrò nílé, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ń lọ àti bó ṣe ga tó. Kí oògùn wà nínú báàgì ọwọ́, kó má sí nínú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́ ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́, omi púpọ̀, kò sí òkè gígùn. Oòrùn ọ̀sán ibẹ̀ ń jó ara ju bí èèyàn ṣe rò, nítorí náà fìlà ṣe pàtàkì, alẹ́ oṣù Ẹrẹ́nà sì tutù, ẹ mú súwẹ́tà dání. Bí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí tí èémí ò bọ̀ sípò lẹ́yìn ìsinmi, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Akin_Narvarte

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìmúra. Ọdún kẹfà mi nìyí ní ìlú yìí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ìwé ibi mọ́kànlá yẹn. Ìlú tó ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 9 nìyí, tí ẹ bá sì ka àwọn ìlú tó so mọ́ ọn, ó kọjá mílíọ̀nù 21. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan lè gba wákàtí kan ààbọ̀ lọ́wọ́ yín. Ohun kan láàárọ̀, ohun kan lọ́sàn-án, kí màmá sì jókòó láàárín méjèèjì.

Ọjọ́ Ajé ló máa pinnu ètò yín. Antropología, Templo Mayor, ilé Frida Kahlo, ilé olódi Chapultepec, gbogbo wọn ni wọ́n máa ń tì lọ́jọ́ Ajé. Mo ti rí àlejò tó dúró sẹ́nu ọ̀nà Antropología lọ́jọ́ Ajé tí omi fẹ́ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, torí ọjọ́ kan tó kù fún un nìyẹn. Ọjọ́ Ajé ni kí ẹ kọ́kọ́ fi nǹkan sí: Xochimilco kì í tì, lọ́jọ́ iṣẹ́ ó sì dákẹ́. Lópin ọ̀sẹ̀, orin àti ọtí ló máa ń gba orí omi yẹn kan.

Ọjọ́ Ẹtì, ẹ sùn díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá dé, kí ẹ tó jáde sí Zócalo nírọ̀lẹ́. Ilẹ̀ tí ẹ máa tẹ̀ níbẹ̀, erékùṣù inú adágún ni tẹ́lẹ̀. Àwọn Mexica, tí a tún ń pè ní Aztec, ló tẹ ìlú Tenochtitlan dó sórí rẹ̀ ní 1325, ní 1521 ni Cortés, ọ̀gágun ará Sípéènì, àti àwọn ẹ̀yà tó dara pọ̀ mọ́ ọn ṣẹ́gun rẹ̀. Àwọn ará Sípéènì fa omi adágún náà gbẹ díẹ̀díẹ̀, títí dòní ni wọ́n sì ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ mu, nítorí náà ìlú ń rì. Ẹ wo ilẹ̀ inú Kàtídírà, èyí tí wọ́n fi ọdún 240 kọ́ láti 1573 sí 1813: ó dagẹ̀rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Templo Mayor wà. Ní 1978 àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná ń gbẹ́ ilẹ̀, ni wọ́n bá kan òkúta ńlá tí wọ́n gbẹ́ òrìṣà obìnrin Coyolxauhqui sí. Láti ojú pópó ẹ lè rí àwókù tẹ́ńpìlì náà láìwọlé. Ó tó fún ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Antropología, gbogbo àárọ̀. Ẹ má gbìyànjú láti wo gbogbo yàrá o, ó pọ̀ jù. Yàrá Mexica àti yàrá Teotihuacan ni kí ẹ mú. Nínú yàrá Mexica ni òkúta Piedra del Sol wà, ó wúwo tó bíi tọ́ọ̀nù 24, abẹ́ Zócalo ni wọ́n ti hú u ní 1790. Ṣùgbọ́n ohun tí màmá máa fẹ́ràn ju òkúta lọ ni àwòrán ọjà Tlatelolco tí wọ́n mọ ní kékeré síbẹ̀, pẹ̀lú àwọn obìnrin tó tẹ́ ẹní, tí wọ́n to ọjà síwájú. Kí ẹ sì wá Chicomecóatl, òrìṣà àgbàdo wọn. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni Ejò Méje. Bí ẹsẹ̀ bá ti ro wọ́n, àgbàlá tó wà láàárín wà níbẹ̀: òpó kan ṣoṣo ló gbé òrùlé ńlá dúró, omi ń já bọ́ láti orí rẹ̀ bí òjò.

Ọjọ́ Àìkú, Basílica láàárọ̀, Coyoacán lọ́sàn-án. Tí ẹ bá fẹ́ wọ ilé Frida, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì báyìí. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé.

Ẹ jẹ́ kí Teotihuacan lọ.

Ṣadé_Arìnrìnàjò

Ẹ̀gbọ́n Akin, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n kí èèyàn dé Mẹ́síkò kó má rí pírámíìdì Oòrùn? Èmi lọ síbẹ̀, ó wọ̀ mí lára. Ó ga tó mítà 65, ìlú yẹn sì ti di ahoro ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí àwọn Mexica tó dé ibẹ̀, àwọn náà ò mọ ẹni tó kọ́ ọ. Kò jìnnà, bíi 50 kìlómítà ni. Bọ́ọ̀sì wà ní gáréèjì Autobuses del Norte.

Akin_Narvarte

Ṣadé, òótọ́ lo sọ. Ká ní Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ nìkan ló ń lọ ni, èmi gan-an á ní kí wọ́n gbéra ní aago méje àárọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àárín ìlú yẹn lé ní kìlómítà méjì, kò sí igi, kò sí ibòji, òkúta ni èèyàn ń tẹ̀, àtẹ̀gùn kéékèèké ni wọ́n sì ń gùn tí wọ́n tún ń sọ̀. Orúnkún ẹni ọdún 71 ń kọ́? Àti pé àgbàdo ni màmá ń tẹ̀ lé wá. Ní Xochimilco wọ́n máa jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, oko á sì máa kọjá níwájú wọn. Orí chinampa ni oko náà wà, ìyẹn ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá ibẹ̀ fi ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi àti koríko mọ sórí adágún, tí wọ́n gbin igi yí ká kó má bàa wó. Irú oko yẹn ló bọ́ Tenochtitlan.

Ẹ má lọ sí ibi tí èrò pọ̀ sí. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé èbúté Cuemanco. Owó tí wọ́n ń san jẹ́ ti odindi ọkọ̀ fún wákàtí kan, kì í ṣe ti orí kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kọ ọ́ síta. Ẹ kà á kí ẹ tó wọlé.

Ọmọ_Ọ̀ṣogbo

Mo mọ̀ pé ọmọ ìjọ Àgùdà ni màmá, mi ò sọ pé kí ẹ mú wọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín, tí ààyè bá yọ, ẹ ya ọjà Sonora. Ọjà ewé àti egbòogi ni, láti 1957 ló ti wà. Mo rìn wọ inú rẹ̀, ni mo rí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n to sílẹ̀ ní àwọ̀ àwọ̀, tí wọ́n kọ Changó, Yemayá, Ochún, Elegguá sí i lára. Àwọn ará Kúbà ló gbé e dé ibẹ̀. Mo dúró, mo pe Ọ̀ṣun bí a ṣe ń pè é nílé, obìnrin tó ń tajà wò mí, ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Ó ń pè é tẹ̀ lé mi. Mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi.

Ẹ di fóònù yín mú dáadáa níbẹ̀ o, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Ẹ ṣé púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n Akin, mo ti ya ìwé náà. Teotihuacan, lucha libre àti ilé olódi Chapultepec ti lọ. Ó dùn mí nítorí pírámíìdì, mi ò ní purọ́. Ẹ dákun, ibo la máa sùn? Omi ńkọ́? Ààbò ńkọ́? Àbúrò mi tún ń fi ìmìtìtì ilẹ̀ dẹ́rù bà mí.

Dèjì_Chicago

Lórí ààbò: èmi dá tásí dúró lójú pópó lóru, ó gba owó tó tó ìlọ́po mẹ́rin lọ́wọ́ mi, ó tún já mi sílẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tí mò ń lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ tí mo fi fóònù pè nìkan ni mò ń wọ̀. Inú báńkì ni kí ẹ ti lo ẹ̀rọ ìgbowó. Tí ẹ̀rọ bá bi yín bóyá kó ṣírò owó yín sí pọ́n-ùn fún yín, ẹ kọ̀ ọ́. Iye tó máa ṣírò fún yín kò dáa.

Akin_Narvarte

Àdúgbò Roma Norte tàbí Condesa dára fún oorun: igi wà, ibi ìrìn tẹ́jú, oúnjẹ wà nítòsí. Ẹ béèrè bóyá òtẹ́ẹ̀lì ní ẹ̀rọ àgùnsókè, nítorí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ níbẹ̀ àtẹ̀gùn nìkan ni wọ́n ní. Omi ẹ̀rọ, ẹ má mu ún, ti inú ike ni kí ẹ rà, kódà fún fífọ eyín màmá.

Ìmìtìtì ilẹ̀: ó ń ṣẹlẹ̀. Ti 1985 àti ti 2017, ọjọ́ kan náà ni méjèèjì bọ́ sí, 19 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀. Ṣùgbọ́n agogo ìkìlọ̀ wà lórí òpó káàkiri ìlú. Bí ẹ bá wọ òtẹ́ẹ̀lì, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń sá sí, kó yé màmá, ó parí.

Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, Metro, pésò 5 péré ni. Ẹ mú màmá wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ tí èrò ti dín. Àwọn kọ́ọ̀ṣì iwájú wà fún obìnrin àti ọmọdé. Ó dára púpọ̀ lójú mi pé nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1969, wọ́n fún ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tirẹ̀ kí ẹni tí kò mọ̀wé kà má bàa sọnù. Ti Chapultepec, tata ni. Òkè Tata ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn lédè Nahuatl.

Ìyá_Tọ́pẹ́_Atlanta

Kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ fún ìyá ẹlẹ́kọ! Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ jáde wá obìnrin tó gbé ìkòkò ńlá kalẹ̀ sí ìkóríta. Tamal ló ń tà: àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n dì sínú háríhá tí wọ́n fi oru omi sè. Bíi àbàrì wa ni, ṣùgbọ́n ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹran sì lè wà láàárín. Ohun tí wọ́n ń mu lé e ni atole, ẹ̀kọ mímu gbígbóná gan-an ni. Ẹ̀gbo náà wà, pozole ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń fi ẹran àti ata sè é. Omi pupa tí wọ́n ń pè ní jamaica, zobo ni, kò yàtọ̀ rárá.

Ata ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kí màmá fọ́nnu. Ẹ tọ́ ọ wò ní ẹnu ṣíbí kí ẹ tó dà á.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

A ti dé o. Mo ní kí n padà wá sọ bó ṣe lọ, nítorí ẹ̀yin lẹ bá mi gbé e.

Nọ́ọ̀sì_Leeds, orí fọ́ màmá ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì bí ẹ ṣe sọ. A ò dé Zócalo lọ́jọ́ yẹn rárá. Wọ́n mu omi, wọ́n sùn, ara wọn ti yá láàárọ̀. Ìgbà tí a lo wákàtí mẹ́ta ní Antropología, wákàtí kan nínú rẹ̀ ni màmá fi dúró níwájú ọjà Tlatelolco kékeré yẹn. Wọ́n ń ka àwọn ọlọ́jà ní ìsọ̀rí: "Aláta rèé. Ẹlẹ́ja rèé. Ta ló ń gba owó ìsọ̀?" Wọ́n ní ó jọ Òkè Ajé lọ́jọ́ ọjà. Níwájú Chicomecóatl wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn gbọ́wọ́ sí àyà.

Basílica: bẹ́lítì kan wà lábẹ́ àwòrán Màríà tó ń gbé èèyàn kọjá, kí èrò má bàa dúró sójú kan. Ìdùnnú ńlá ni fún orúnkún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni wọ́n gùn ún. Àwòrán yẹn, àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ara aṣọ Juan Diego, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ kan, ló ti yọ ní 1531. Màmá gbàdúrà fún olúkúlùkù wa lórúkọ, mo gbọ́ tèmi. Tíkẹ́ẹ̀tì ilé Frida ti tán kí n tó rà á, ẹ̀bi mi ni. A jókòó sí gbàgede Coyoacán dípò rẹ̀, àwọn igi jacaranda ti yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, òdòdó ń já bọ́ sórí gèlè wọn.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ni ọjọ́. Ní Cuemanco, awakọ̀ ojú omi gbé wa gúnlẹ̀ síbi oko kan, àgbàdo ti hù níbẹ̀ dé orúnkún. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn, wọ́n di ewé mú, wọ́n ní: "Àgbàdo rìn ní ìhòòhò lọ sóko, igba aṣọ ló kó bọ̀. Ibí ló ti gbéra."

Obìnrin kan ń fi àgbàdo aláwọ̀ búlúù ṣe tortilla, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, lórí àwo gbígbóná. Màmá ò gbọ́ Spanish, obìnrin náà ò gbọ́ Yorùbá. Màmá na ọwọ́ sí ìyẹ̀fun tí ó ti pò, ó gé díẹ̀ fún wọn, wọ́n fi sẹ́nu. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi: "Kò kan." Wọ́n ní kí n béèrè bóyá wọ́n kì í rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Awakọ̀ bá wa túmọ̀ rẹ̀: rárá, inú omi tí wọ́n fi cal sí, ìyẹ̀fun òkúta funfun, ni wọ́n ti ń sè é, tí wọ́n á jẹ́ kó sun ibẹ̀ mọ́jú, èèpo rẹ̀ á bó, wọ́n á lọ̀ ọ́. Wọn kì í sẹ́ ẹ. Màmá ní, "Wọn kì í sẹ́ ẹ? Nǹkan á ṣẹ́kù nínú rẹ̀ nìyẹn. Èèrí tí mo kó fún àwọn ẹran fún ogójì ọdún!" Obìnrin yẹn ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n jọ tẹ tortilla mẹ́ẹ̀dógún. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ya, màmá ò gbà kí ẹnikẹ́ni jù wọ́n nù, wọ́n jẹ wọ́n.

Ṣadé, mi ò ronú kan pírámíìdì mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

BàbáÌbejì_Houston

Omi bọ́ lójú mi. Ṣé màmá ò kó irúgbìn búlúù yẹn bọ̀ sí Houston ṣá?

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Wọ́n fẹ́ kó o, bàbá, mo bẹ̀ wọ́n. Àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà kì í gba irúgbìn láìní ìwé àyẹ̀wò. Molinillo la rà, igi gbígbẹ́ tí wọ́n fi ń po ṣokoléètì kó lè hó, ẹ máa yí ọ̀pá rẹ̀ láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni.

Ìyá_Tọ́pẹ́_Atlanta

Kí ni màmá fẹ́ fi ṣe?

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Wọ́n fi po ògì láàárọ̀ àná ní ilé àbúrò mi. Kò sí kókó kankan nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n wá méjì sí i fún ẹnìkejì wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀gbọ́n Akin, inú ọjà Coyoacán la ti rà á. Ẹ bá mi wo èyí tí wọn ò kùn, kí ọ̀dà má bàa wọ inú ẹ̀kọ.

Akin_Narvarte

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mò ń lọ sọ́jà. Mo máa fi àwòrán wọn ránṣẹ́ kí n tó sanwó, kí màmá fúnra wọn mú.